Bí Ìlúmọ̀ọ́ká Bá Jókòó Sídìí Tábìlì Rẹ

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọmọ ọdún 17 ni mí, ìlú Oǹdó ni mò ń gbé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe WAEC tán, òtẹ́ẹ̀lì kan ní Alágbàká, ní Àkúrẹ́, sì ti gbà mí pé kí n máa gbé oúnjẹ fún àlejò títí di oṣù kẹsàn-án. Wọ́n ní òṣèré, olórin, olóṣèlú àti ọba ló pọ̀ nínú àwọn tó ń wọ̀ síbẹ̀. Inú mi dùn, àmọ́ àyà mi ń já. Báwo ni mo ṣe máa kí wọn? Ṣé mo lè ní ká jọ ya fọ́tò? Bí wọ́n bá fún mi lówó ńkọ́? Ọ̀rẹ́ mi tó ṣe irú iṣẹ́ yìí lọ́dún tó kọjá sọ pé ọkùnrin kan tí gbogbo ayé mọ̀ ń fi dandan gba nọ́ńbà òun, òun ò sì lè sọ fún ẹnikẹ́ni, torí wọ́n ti kìlọ̀ fún wọn pé ohun tí wọ́n bá rí níbẹ̀, níbẹ̀ ni kí wọ́n fi í sí. Mà, ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn?"

Ìdáhùn: Ọmọ mi, ìbéèrè tó o fi kádìí ọ̀rọ̀ rẹ ni màá kọ́kọ́ dáhùn, torí òun ló wúwo jù. Rárá, kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ohun méjì tí kò bá ara wọn tan ni wọ́n dì sínú ìkìlọ̀ kan ṣoṣo fún ọ̀rẹ́ rẹ. Àkọ́kọ́ ni àṣírí àlejò: ohun tó jẹ, ẹni tó wá bá a lálejò, yàrá tó sùn sí, oògùn tó lò lẹ́yìn oúnjẹ. Ìyẹn gbọ́dọ̀ kú sí ọ nínú. Èkejì ni ìwàkiwà tí àlejò bá hù sí ọ. Ìyẹn kì í ṣe àṣírí rẹ̀, ọ̀rọ̀ tìẹ ni, o sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, fún ẹni tó bá wù ọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ àlejò ní Àkúrẹ́ níbí, ohun tí mo sì ń rí ni pé àwọn ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa nílé ni ìkìlọ̀ yẹn máa ń dè lẹ́nu jù. Wọ́n ti kọ́ wọn pé ọmọ gidi kì í tú àṣírí àgbà. Nítorí náà, mú ìyàtọ̀ méjì yìí dání kó o tó wọ mọ́tò láti Oǹdó.

Ní báyìí, jẹ́ ká wọ inú iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀.

Àkúrẹ́ ti jẹ́ olú ìlú ìpínlẹ̀ láti ọdún 1976, Alágbàká tó o ń lọ sì ni ọ́fíìsì gómìnà àti ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba wà. Ìdí nìyẹn tí olóṣèlú kì í fi í tán ní òtẹ́ẹ̀lì àdúgbò yẹn. Àwọn olórin àti òṣèré ní tiwọn, òde ló ń gbé wọn wá: ìgbéyàwó, òkú àgbà, ìwúyè. Tí iléèwé bá ti wọ ìsinmi lóṣù keje, àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun náà á máa wálé, òde á sì pọ̀ sí i. O ò ní ráyè máa wo ojú èèyàn, iṣẹ́ ló máa gbà ọ́ lọ́kàn.

Kọ́kọ́ ronú nípa bí ara ẹni náà ṣe rí nígbà tó ń wọlé. Bó bá jẹ́ pé láti Èkó ló ti wa mọ́tò wá, ó ti jókòó pẹ́, ó ti rí kòtò, ó ti bá àwọn agbófinró sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà láìmọye ìgbà. Omi ló fẹ́. Ilé ìyàgbẹ́ ló fẹ́. Lẹ́yìn náà, oúnjẹ. Ẹni tó bá pariwo orúkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ti fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ fún un, torí yóò ní láti rẹ́rìn-ín, yóò ní láti juwọ́, yóò ní láti dúró. Ohun tí mo fẹ́ kó o sọ kò ju èyí lọ: "Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ kú ìrìn. Ṣé kí n kọ́kọ́ gbé omi tútù wá ni, àbí èyí tí kò tutù?" Wàá rí i bí ojú rẹ̀ á ṣe rọ̀.

Má ṣe fi orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ nínú fíìmù pe òṣèré. Mo mọ àwọn àgbà òṣèrébìnrin tó jẹ́ pé ipa àjẹ́ tàbí ìyá ọkọ burúkú ni wọ́n ń fún wọn ṣe ṣáá, tí wọ́n bá sì wọ ibi ìjẹun, àwọn ọmọ á máa fi orúkọ ipa yẹn kí wọn, wọ́n á tún máa rẹ́rìn-ín. Àwọn ìyá yìí kì í fẹ́ bínú, torí àwọn tó fẹ́ràn iṣẹ́ wọn ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ó ń dùn wọ́n. "Ẹ káàárọ̀, mà" ti tó. Bó bá wù ọ́ láti sọ fún wọn pé iṣẹ́ wọn dára, dúró dìgbà tí wọ́n bá jẹun tán tí wọ́n ń dìde, kó o wá sọ ọ́ ní gbólóhùn kan: "Mà, ìyá mi fẹ́ràn iṣẹ́ yín gan-an." Kó o wá kó abọ́ rẹ.

Nípa kíkí, o kúkú ti mọ̀ ọ́n láti ilé, oúnjẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ nìkan ló yí nǹkan padà. Má kúnlẹ̀ pẹ̀lú ọbẹ̀ gbígbóná lọ́wọ́. Gbé tíréè sílẹ̀ ná, kó o tó fi orúnkún kanlẹ̀. Bí kò bá sí ibi tó o lè gbé e sí, tẹ orúnkún díẹ̀, kó o fẹnu kí, wọ́n á mọ̀ pé ẹ̀kọ́ wà lára rẹ. Wọ́n á kọ́ ọ pé apá òsì àlejò la ti ń gbé oúnjẹ fún un, kí ohun mímu máa ti apá ọ̀tún wá. Òtítọ́ ni. Àmọ́ ibi tó o dúró sí ni ìyẹn ń sọ. Ọwọ́ ọ̀tún ni kó o fi na nǹkan sí àgbàlagbà, tàbí kó o fi ọwọ́ méjèèjì gbé e. Àlejò wa kan ò ní ka ìwé àlejò ṣíṣe, ṣùgbọ́n yóò rí ọwọ́ òsì lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iyán náà ṣe pàtàkì níbí. Àwọn èèyàn ńlá máa ń sọ pé kẹ́ ẹ gbé iyán wá, bó o bá sì gbé e dé, ẹnì kan á wá kí wọn, èkejì á tún dé, iyán á tutù, ẹ̀yin lẹ máa jẹ̀bi. Fi iyán sílẹ̀ sínú kúlà ní kíṣìnì. Omi ìfọwọ́ ni kó o kọ́kọ́ gbé jáde, pẹ̀lú ọṣẹ àti aṣọ ìnuwọ́, kó o ti ọ̀dọ̀ ẹni tó ga jù nídìí tábìlì bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó o bá rí i pé ó ti fọwọ́ tán lóòótọ́, tí kò tún ní bá ẹnikẹ́ni bọwọ́ mọ́, ìgbà yẹn ni kó o sáré gbé iyán wá.

Kò sí olóṣèlú tàbí olóyè tó máa dùn mọ́ nínú láti rí ìgò tó o ti ṣí láti inú lọ́hùn-ún. Gbé e wá bó ṣe wà, fi hàn wọ́n, ṣí i níwájú wọn. Omi inú ọ̀rá tàbí ike náà bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n fura sí ọ. Ẹni tó ní ọ̀tá púpọ̀ kò lè jẹun bí ẹni tí kò ní. Bó bá jẹ́ gómìnà ló ń bọ̀, àwọn elétò ìrìnnà rẹ̀ àti àwọn DSS, ìyẹn àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba, á ti ṣáájú rẹ̀ dé, wọ́n á wo kíṣìnì, wọ́n á béèrè orúkọ gbogbo ẹni tó máa fọwọ́ kan oúnjẹ, wọ́n sì lè gba fóònù yín. Fún wọn láìjiyàn.

Ọ̀rọ̀ ọba wá yàtọ̀ pátápátá, ibẹ̀ ni mo sì ti ń rí àṣìṣe jù. Láyé àtijọ́, ọba Yorùbá kì í jẹun lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ọ̀pọ̀ ọba ṣì ń pa á mọ́ títí dòní. Nítorí náà, bí Déjì Àkúrẹ́ tàbí Òṣemàwé Oǹdó bá wà níbi àpèjẹ, má kàn gbé abọ́ lọ sí iwájú Kábíyèsí bó o ṣe gbé e lọ fún àwọn yòókù. Lọ bá àwọn ẹmẹsẹ̀ tàbí ẹni tó bá tẹ̀ lé ọba wá, kó o béèrè bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ. Nígbà míì, wọ́n á ní kẹ́ ẹ gbé e sí yàrá kan. Nígbà míì, àwọn ló máa gbà á lọ́wọ́ rẹ, tí wọ́n á sì fi fún ọba fúnra wọn. Má bínú pé wọn ò jẹ́ kó o dé ọ̀dọ̀ ọba. Iṣẹ́ wọn nìyẹn, ó sì ti wà kí wọ́n tó kọ́ òtẹ́ẹ̀lì èyíkéyìí sí Àkúrẹ́.

Nǹkan kan wà tí ọmọ tó wá láti ìlú míì lè má mọ̀. Ní Àkúrẹ́, tí ọba bá wàjà, ọmọbìnrin ọba ló ń ṣe adelé títí wọ́n á fi yan ọba tuntun. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí láàárín ọdún 2013 sí 2015, kí Ọba Aládélúsì tó gun orí ìtẹ́. Ọ̀pọ̀ ìlú ní ìpínlẹ̀ yìí àti Èkìtì ló ń ṣe irú rẹ̀. Bí adelé bá wọ ibi ìjẹun yín, ó lè jẹ́ ọmọdébìnrin tí kò fi bẹ́ẹ̀ jù ọ́ lọ, ó máa wọ aṣọ bí ọkùnrin, á dé fìlà ìlẹ̀kẹ̀. Kábíyèsí ni, ọmọ mi. Kì í ṣe "àǹtí". Kúnlẹ̀ dáadáa. Ní Oǹdó tiwa, ìwọ fúnra rẹ ti gbọ́ nípa Lóbùn, olórí àwọn ìjòyè obìnrin tó ni ọ̀rọ̀ ọjà, tí ipa rẹ̀ sì tóbi níbi tí wọ́n bá ti ń fi Òṣemàwé jẹ. Bí irú ìyá bẹ́ẹ̀ bá wọlé, má rò pé ìyá olóde ni, kó o wá máa pè é ní "màmá". Béèrè orúkọ oyè lọ́wọ́ àwọn tó bá a wá. Kò sí olóyè tó ń bínú sí ọmọ tó béèrè.

Àwọn tó bá a wá yìí gan-an ni mo fẹ́ kó o fi ọkàn sí. Dẹ́rẹ́bà, ọlọ́pàá tó ń tẹ̀ lé ọ̀gá, ọmọkùnrin tó ń gbé báàgì, àwọn tó ń lu ìlù fún olórin. Wọ́n ti jí kí ọ̀gá wọn tó jí, wọn ò tíì jẹun, kò sì sẹ́ni tó ń wò wọ́n. Gbogbo yín á wà lórí tábìlì ìlúmọ̀ọ́ká, èèyàn mẹ́rin á máa bu omi fún ẹnì kan. Ìwọ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ, béèrè bóyá ètò wà fún oúnjẹ wọn, kó o sì gbé e lọ bá wọn níbi tí wọ́n wà, kódà bó jẹ́ ìdí mọ́tò. Kí wọn bó o ṣe kí ọ̀gá wọn. Mo gbà gbọ́ pé ibí ni a ti ń mọ ẹni tó mọ iṣẹ́ àlejò. Tí ìlúmọ̀ọ́ká bá sì ń pinnu ibi tó máa wọ̀ sí nígbà míì, dẹ́rẹ́bà ló máa bi pé, "Níbo lẹ ti jẹun dáadáa?"

Ó dára, ọ̀rọ̀ fọ́tò. Ìwọ má béèrè. Bí àlejò bá fúnra rẹ̀ sọ pé, "Wá, jẹ́ ká yà á," tí ọ̀gá rẹ sì gbà, yà á, kó o dúpẹ́, kó o padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó ń jẹun kò fẹ́ kí wọ́n rí ọbẹ̀ lẹ́nu òun, ẹni tó jókòó tì í sì lè má fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun wà níbẹ̀. Bó o bá tilẹ̀ yà á pẹ̀lú àyè, má gbé e sórí WhatsApp tàbí TikTok títí àlejò á fi kúrò ní ìlú. Ìwọ náà mọ bí ọ̀nà wa ṣe rí. Àwọn ajínigbé wà nínú igbó. Ọmọ tó gbé e síta pé "Wo ẹni tó wà lọ́dọ̀ wa ní Àkúrẹ́" ti sọ fún gbogbo ayé pé ẹni náà máa gba ọ̀nà kọjá lọ́la. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Kì í ṣe fọ́tò nìkan. Àwọn kan á pè ọ́ láti béèrè ẹni tó wà ní yàrá wo, àwọn kan á ní àwọn á fún ọ lówó bó o bá lè sọ ẹni tó bá hónọ́rébù jẹun alẹ́. Ọ̀dọ̀ ẹ̀yin ọmọ kéékèèké ni wọ́n máa ń wá, torí wọ́n rò pé ẹ ò mọ ìtumọ̀ ohun tẹ́ ẹ ń sọ. Ìsọfúnni àlejò wà lábẹ́ òfin, Nigeria Data Protection Act tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2023, ilé iṣẹ́ yín sì lè jẹ́jọ́ nítorí ẹnu rẹ. Má pe nọ́ńbà yàrá sókè níbi táwọn ẹlòmíì wà. Bí àgbàlagbà kan bá sọ fún ọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé òun ò gbọ́dọ̀ jẹ ohun dídùn, kí wọ́n ro àmàlà ògẹ̀dẹ̀ fún òun dípò iyán, lọ sọ ọ́ fún alásè nìkan. Má ké e láti ẹnu ọ̀nà kíṣìnì pé "Chief ní ìtọ̀ ṣúgà!" Má sì gba lẹ́tà, flash tàbí orin tí àwọn ará ìlú bá ní kó o bá àwọn fún olórin.

Nípa owó: má tọrọ ọ, má dúró lórí ẹni bí ẹni tó ń retí nǹkan. Bí wọ́n bá fún ọ ní gbangba nídìí tábìlì, fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, kó o dúpẹ́, kó o sì béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ bóyá ilé iṣẹ́ yín ń dà á pọ̀ kí gbogbo yín tó pín in, torí alásè àti ẹni tó ń fọ abọ́ náà ṣiṣẹ́. Owó tí wọ́n bá fẹ́ fún ọ ní kọ̀rọ̀, tàbí tó pọ̀ ju ohun tí èèyàn ń fún agbóúnjẹ lọ, má gbà á. Níbi òde, bí wọ́n bá ń náwó fún olórin, má bẹ̀rẹ̀ ṣà á nílẹ̀. Abala 21 nínú òfin CBN, báńkì àpapọ̀ wa, ti ọdún 2007 ka níná náírà lójú agbo àti jíjó lórí rẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò dín ní oṣù 6, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní N50,000, ó sì lè jẹ́ méjèèjì. Oṣù kẹrin ọdún 2024 ni ilé ẹjọ́ kan ní Èkó rán Bobrisky, ìlúmọ̀ọ́ká orí íńtánẹ́ẹ̀tì, lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù 6 lórí irú ọ̀rọ̀ yìí. Ìwọ ò tíì pé ọdún 18. Má fi ara rẹ sáàárín rẹ̀.

Mo wá padà sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ. Bí àlejò bá ní kó o mú nọ́ńbà rẹ wá, sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀, láìrẹ́rìn-ín: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, wọn ò gbà ká fún àlejò ní nọ́ńbà wa níbí. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ nǹkan, ẹ pe àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà." Kó o kúrò níbẹ̀. Bó bá tún béèrè, ọ̀gá rẹ ni kó o lọ bá, kó fi ẹlòmíì sí tábìlì náà. Má gbé oúnjẹ lọ sí yàrá ẹnikẹ́ni ní ìwọ nìkan. Ẹ̀yin méjì ni kẹ́ ẹ lọ, kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, kẹ́ ẹ gbé e sórí tábìlì tó wà lẹ́nu ọ̀nà, kẹ́ ẹ jáde. Bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kàn ọ́ níbi tí kò yẹ, pariwo. Ẹ̀kọ́ ilé kò ní kó o dákẹ́. Kọ ọjọ́, aago àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, pe ìyá rẹ lálẹ́ ọjọ́ náà. Òfin VAPP, ìyẹn òfin tó ka híhu ìwà ipá sí èèyàn léèwọ̀, ti wà fún irú nǹkan báyìí láti 2015 ní ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ Oǹdó sì ṣe tirẹ̀ ní 2021. Àwọn agbẹjọ́rò obìnrin FIDA máa ń gbọ́ irú ẹjọ́ yìí. Bí ọ̀gá rẹ bá sì sọ fún ọ pé, "Ṣó o mọ iye tó ń ná níbí?", ó ti fún ọ ní ìdáhùn nìyẹn. Kó ẹrù rẹ kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kó o sì bá ọ̀rẹ́ rẹ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú, torí ó ṣì lè sọ tirẹ̀ síta títí di ìsinsìnyí.

Ọjọ́ orí rẹ ní ìtumọ̀ lábẹ́ òfin. Òfin iṣẹ́ orílẹ̀-èdè yìí ka ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 sí ọ̀dọ́, kò sì gbà kí wọ́n máa fi ọ̀dọ́ ṣiṣẹ́ òru, yàtọ̀ sí ní àwọn iléeṣẹ́ ńlá mélòó kan bí ibi tí wọ́n ti ń rọ irin. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní kó o máa dúró títí aago kan òru níbi òde olórin, sọ fún wọn pé o ò ní lè ṣe é. Ní kí wọ́n fi ọ́ sí oúnjẹ àárọ̀ àti ọ̀sán. Ibẹ̀ gan-an lo ti máa kọ́ṣẹ́ jù, torí àárọ̀ ni ìlúmọ̀ọ́ká máa ń jẹun bí èèyàn lásán, láìsí àtíkè, láìsí agbo.

Kó o tó bẹ̀rẹ̀, béèrè ẹni tó máa san owó rẹ: ṣé òtẹ́ẹ̀lì ni, àbí alásè tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn? Ṣé oṣooṣù ni, àbí òde kọ̀ọ̀kan? Òfin fún agbanisíṣẹ́ ní oṣù mẹ́ta kó tó di dandan pé kó kọ àdéhùn iṣẹ́ fún ọ, iṣẹ́ rẹ á sì ti parí kí oṣù mẹ́ta tó pé, nítorí náà ìwọ ni kó o béèrè rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Béèrè nípa abọ́ tó bá fọ́ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ibi ló ń yọ ọ́ nínú owó ọmọ tí wọ́n á ní ìlànà ni, bẹ́ẹ̀ òfin kan náà sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ yọ irú owó bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí i ní àkọsílẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀ láti kọ iye owó rẹ sórí ìwé, tàbí tí wọ́n ní dandan ni kó o ṣiṣẹ́ òru, kọ̀wé sí mi kó o tó fi Oǹdó sílẹ̀, ká jọ wá ibòmíì.